Onígbàgbọ́ Dé Ẹnu Géètì

Wọn kì í mú ẹlẹ́fẹ̀ lọ sí tésàn ọlọ́pàá. Bí eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ku ọ̀la, òru tó ṣáájú ni ẹlẹ́fẹ̀ máa ń gbé agọ̀ wọ̀, á bọ́ sí ojúde ọjà, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, lẹ́yìn náà ni yóò wá là á mọ́lẹ̀: ta ló gbé ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́, ìjòyè wo ló jẹ owó ìlú mọ́ ẹran, ta ló ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé aya aláya. Ẹni tí orin bá bà, ẹ̀rín ni kó rín. Bó bá bínú, a jẹ́ pé òun ló gbé ewúrẹ́. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun iyebíye tí gbogbo ọmọ aráyé ní láti tọ́jú, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló sì jọ ni ín. Nítorí náà, àgbáyé ti fọwọ́ sí i kí n bú yín. Ẹ jókòó dáadáa.

Onígbàgbọ́ ni mí o. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń dá ọrẹ, mo sì mọ orin tí wọ́n ń kọ kí wọ́n tó gbé àpótí ọrẹ kejì jáde, tó fi jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n máa ń bá mi nígbà náà. Ẹni tó bá ní kí ló pa onígbàgbọ́ pọ̀ mọ́ Ẹ̀fẹ̀, mo dá a lóhùn pé n kò gbé agọ̀ wọ̀, ẹnu nìkan ni mo yá lò. Ẹ má sì jẹ́ kí pásítọ̀ mi gbọ́.

Bí a bá ń ka ìlú tí wọ́n ti ń gbàdúrà ní orílẹ̀-èdè yìí, Ọ̀tà tiwa yìí kò ní jókòó sẹ́yìn. Ní kìlómítà kẹwàá lójú ọ̀nà Ìdìrókò ni Canaanland wà, níbi tí ìjọ Winners ti kọ́ Faith Tabernacle, tí wọ́n yà á sí mímọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999. Ìjókòó 50,400 ló wà nínú rẹ̀. Bó bá di oṣù Kejìlá tí wọ́n bá ń ṣe Ṣílò, ẹni tó bá fẹ́ ti Sàngó lọ sí Àtàn, kó gbé oúnjẹ dání. Kí ẹ má rò pé ìjọ kan ṣoṣo ni mo dojú kọ, ẹ ka bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì láti abẹ́ bíríìjì Sàngó títí dé Ìjokò, kí ẹ wá sọ fún mi bí òǹkà yín bá parí. Aládùúrà ń bẹ, aláṣọ-funfun ń bẹ, ẹlẹ́kọ̀ọ́ jíjinlẹ̀ ń bẹ, àwọn tó ń pariwo lé èṣù ń bẹ, àwọn tó ń fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀ náà ń bẹ.

Ní ìhà kejì, àwọn iléeṣẹ́ nìyẹn. Iléeṣẹ́ irin, iléeṣẹ́ ike, iléeṣẹ́ páálí, iléeṣẹ́ ọṣẹ, iléeṣẹ́ bísíkíìtì. Èéfín wọn ń gòkè, àdúrà wa ń gòkè, n kò mọ èyí tó ń kọ́kọ́ débẹ̀.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo èèyàn yìí, ibo ni wọ́n máa ń gbà? N kì í rí wọn. Ká ní ìdajì péré nínú àwọn tó lè jókòó sórí ìjókòó 50,400 yẹn, èèyàn 25,200, gbé ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi jáde kúrò ní géètì, abẹ́ bíríìjì Sàngó ì bá ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Kọ́ńdọ́ ì bá máa dá ṣẹ́ńjì padà láìsí èébú. Ọlọ́kadà ì bá máa dúró kí ìyá arúgbó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ dúró síbẹ̀ ní agogo méje àárọ̀, kí ẹ wo bí a ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ bá ara wa sọ̀rọ̀ nídìí dáńfó. Ẹni tó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bíbélì ló wà ní abíyá kejì. Ó tilẹ̀ kí mi lẹ́yìn tó jókòó tán. Ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, Dádì, Ọlọ́run yóò fún yín ní tiyín.”

Ẹnìkan wà ládùúgbò wa tí kì í pe orúkọ Sàngó rárá. Ó ní òrìṣà ni, ẹnu òun sì ti di mímọ́. Bó bá wọ ọkọ̀, yóò ní, “Ẹ já mi sí abẹ́ bíríìjì.” Kọ́ńdọ́ á ní, “Bíríìjì ibo?” Á ní, “Èyí tó wà níwájú.” Kọ́ńdọ́ á ní, “Ṣé Sàngó ni?” Ọkùnrin náà á mi orí, á dijú, á sọ pé ẹnu òun kọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin tí kò lè pe Sàngó yìí, ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tó mú wá láti abúlé, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ náà ló ń pọnmi, ló ń fọṣọ, ló ń kiri pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Igbe tí ọmọ yẹn máa ń ké lálẹ́, Ṣàngó gan-an ì bá ti sọ̀kalẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ya ọjà. Màmá kan ń ta gààrí, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ. Láti ọdún gbọgbọrọ ni yẹtí ti kúrò létí rẹ̀. Kì í kun ètè, kì í wọ ṣòkòtò, gèlè kì í kúrò lórí rẹ̀ bó bá tilẹ̀ ń sùn, kí ìpàdàbọ̀ Olúwa má lọ bá a láìbo orí. Mo na ojú sí kóńgò tó fi ń wọn gààrí, mo rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú wọnú. Ọmọlanke tí wọ́n fi òòlù lù kì í rí bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Màmá, kóńgò yìí mà lóyún.” Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Láàárọ̀ kùtù yìí?” Ó wá fi ìka mẹ́ta bu gààrí díẹ̀ lé e fún mi ní ẹ̀ẹ̀ni, ó fi àdúrà lé e: “Ẹ ò ní rí àdánù.” Mo ṣe àmín. Àmọ́ ojú ẹsẹ̀ ni mo ti rí i.

N kò sọ pé yẹtí dára tàbí kò dára o. Ọ̀rọ̀ yẹtí kọ́ la wá sọ. Mo kàn ń ronú pé bí wọ́n bá fún Màmá náà láàyè kó mú ọ̀kan, kó fi yẹtí sétí kó sì tún ìdí kóńgò ṣe, tàbí kó yọ yẹtí kó fi kóńgò sílẹ̀ bó ṣe wà, èmi tí mo ra gààrí mọ èyí tí mo fẹ́. Àwọn Farisí ìgbàanì náà ní irú rẹ̀. Nínú ìwé Mátíù orí kẹtàlélógún, Jésù bá wọn wí pé wọ́n ń ka ewé ọbẹ̀ láti yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀, bí ẹni tó ń ka ewé efinrin lọ́kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ, nígbà tí ìdájọ́ òdodo àti àánú wà nílẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Kò sọ pé kí wọ́n má san ìdámẹ́wàá. Ó ní wọ́n san èyí tó fúyẹ́, wọ́n gbàgbé èyí tó wúwo.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa Yorùbá fẹ́ràn èèwọ̀? Kí ìgbàgbọ́ tó dé la ti ní in lọ́wọ́. Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, ìdílé yìí kì í jẹ ekuru, ìdílé tọ̀hún kì í pa ọ̀bọ. Nígbà tí James White, ọmọ Sàró, mú ìhìnrere CMS dé Ọ̀tà ní 1854, mo lè fọkàn ro ohun tí àwọn baba wa kọ́kọ́ bi í: “Ó dáa, kí ni èèwọ̀ tiyín?” Àwọn òyìnbó náà kò jẹ́ kí ìbéèrè yẹn sọnù. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà péjọ sí Lambeth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ìrìbọmi. Ọ̀nà Ìdìrókò tiwa yìí, bí ẹ bá tọ̀ ọ́ gba bodè kọjá, yóò gbé yín dé Àjàṣẹ́, níbi tí Oshoffa ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947. Ẹni tó bá ti gbé sùtánà wọ̀ níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà. Ìjọ mìíràn dé, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ wọlé. Òmíràn ní irun àtọwọ́dá ni wàhálà. N kò fi ọ̀kankan ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó bá pa tirẹ̀ mọ́ nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, mo kí i kú iṣẹ́. Àmọ́ mo mọ ìdí tí èèwọ̀ fi ń dùn mọ́ wa. Èèwọ̀ rọrùn. Ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó jí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ràn aládùúgbò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò tán bọ̀rọ̀, aládùúgbò ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀ ni, ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé yàrá ẹni tó yẹ kó fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ bá mi kálọ sí iléeṣẹ́. N kò ní sọ èwo, torí ìdí tó ju ẹyọ kan lọ.

Díákónì wa ni ọ̀gá tó ń mú òṣìṣẹ́ wọlé níbẹ̀. Ní agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kásúwà á ti tò sẹ́nu géètì, ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó kàwé gboyè wà láàárín wọn. Díákónì á jáde, á bọ́ fìlà, á gbé orin sókè, á wá gbàdúrà gígùn. Á ní kí Olúwa ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ Rẹ̀. Wọ́n á ké àmín tí páànù á fi mì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń bẹ Olúwa kó ṣí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò Díákónì. Ẹni tó bá fi nǹkan lé e lọ́wọ́ lálẹ́ àná nìkan ni yóò bá a lójú lẹ́yìn àmín. Àwọn yòókù, á ní kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà, kí wọ́n padà wá lọ́la. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní ẹ̀gúnjẹ kọ́ nìyẹn, ó ní ìmọrírì ni.

Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fi 70,000 náírà ṣe owó oṣù tó kéré jù, ìpínlẹ̀ Ògùn sì gbé tirẹ̀ dé 77,000. Ẹ lọ bi àwọn tó ń gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ Díákónì bóyá wọ́n mọ ojú náírà wọ̀nyẹn. Jákọ́bù, nínú orí karùn-ún lẹ́tà rẹ̀, sọ pé owó alágbàṣe tí olówó dá dúró máa ń ké, igbe rẹ̀ sì máa ń dé etí Ọlọ́run. Bí owó bá ń ké lóòótọ́, ariwo tó wà ní Ọ̀tà ju èyí tí à ń fi gbohùngbohùn pa lálẹ́ ìṣọ́ òru lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bùrọ̀dá kan wà tí àìsùn kì í yẹ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó jẹ́ ti ṣíìfù òru, ẹ̀yìn páálí ni wọ́n ti máa ń bá a. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tanná sí i lójú, ó ní, “Kí lò ń ṣe níbẹ̀?” Bùrọ̀dá dìde wuyẹ́, ó nu itọ́ ẹnu, ó ní, “Mo ń dúró de Olúwa ni, sà.” Wọ́n ní kó lọ dúró dè É nílé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wá tọrọ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ọ̀tá ìgbàgbọ́ lé òun lẹ́nu iṣẹ́ nítorí Kírísítì. A gbà á fún un kíkankíkan. Ohùn èmi gan-an há.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Sìsítà tó jẹ́rìí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn oní-Band A dé nǹkan bí 225 náírà fún yúníìtì kan, ẹ mọ bí ara ti ń ta ìlú. Sìsítà bọ́ síwájú, ó ní, “Ẹ yin Olúwa!” A ní, “Halelúyà!” Ó ní òun fi 2,000 náírà ra iná, ó sì lo oṣù mẹ́ta gbáko. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́, áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ omi ń fà. Ó ní bí òróró opó Sáréfátì ni, kò tán. Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Wọ́n jó, wọ́n yí nílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jó nínú wa, bùrọ̀dá tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà. Ó dorí kodò, ó ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Wáyà tó gba ẹ̀yìn mítà kọjá lọ sínú ilé Sìsítà, òun ló so ó.

Bí ẹ bá dá àwọn èèyàn wọ̀nyí dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tí kò ní àwáwí. Àwáwí wa lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni kan á ní, “Nàìjíríà la wà,” àfi bí ẹni pé Róòmù tí Pọ́ọ̀lù gbé kò ní agbèrò. Ẹlòmíràn á ní, “Pásítọ̀ gan-an ń ṣe é.” Ẹ̀kẹta á mí kanlẹ̀, á ní, “Ọlọ́run mọ ọkàn mi.” Ó mọ̀ ọ́n mọ́nà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó máa gbà ọ́ lóorun.

Bí àwáwí bá tán pátápátá, àjẹ́ Ọ̀tà ṣì wà. Kò sí ibi tí wọn ò ti mọ̀ wá mọ́ ọn. Ẹni tí kò dé Ọ̀tà rí láyé rẹ̀ á ti gbọ́ nípa àjẹ́ ibẹ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyí ti ru ẹrù wa tó. Arákùnrin kan kò pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì kú sí ojú ọ̀nà. Dípò kó pe mẹkáníìkì, ọjọ́ méje ló fi gbààwẹ̀, ó ń de àwọn ìyá ìlú Ọ̀tà lókùn. Bí mo bá jẹ́ àjẹ́, màá lọ sí kóòtù. Òmíràn gba owó ìjọ tí wọ́n ní kó fi ra jẹnẹrétọ̀, ó fi ṣòwò, owó rì. Ó ní ọwọ́ ayé ni. Òótọ́ ni, ọwọ́ wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni.

Àwáwí kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nínú Lúùkù orí kẹrìnlá, Jésù pa òwe ọkùnrin kan tó se àsè ńlá tó ránṣẹ́ sí àwọn àlejò, tí olúkúlùkù wọn wá ń ṣàwáwí. Èkíní ní òun ra ilẹ̀, òun ń lọ wò ó. Ẹ gbọ́ o: ó ti rà á tán kó tó lọ wò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ka òwe yìí, ó dá mi lójú pé Ọ̀tà ló ti ra ilẹ̀ náà. Èèyàn tó bá gbé Èkó, tó sanwó ilẹ̀ lórí fóònù, tí ọmọ onílẹ̀ mẹ́ta wá ń dúró dè é lórí rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ráyè àsè lóòótọ́. N kò bá a wí. Èkejì ní òun ra àjàgà màlúù márùn-ún, òun ń lọ dán wọn wò. Màlúù mẹ́wàá ni a kò dán wò ká tó sanwó! Ẹni yìí ni baba ńlá gbogbo ẹni tó gba kẹ̀kẹ́ Márúwá ní àwìn láìgbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni. Ìyẹn kò bẹ̀bẹ̀ pàápàá, ó kàn ní òun kò lè wá. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, nítorí kò fi èdè ẹ̀mí bo ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rín yín ti ń pọ̀ jù. Ó ku èmi.

Ẹ mọ Tóògéètì. Lẹ́nu àlà Èkó àti Ògùn ló wà, lójú ọ̀nà tó ti Èkó gba Sàngó lọ sí Abẹ́òkúta. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Ní 2004, ìjọba Olóyè Ọbásanjọ́, tí oko rẹ̀ wà ní Ọ̀tà wa níbí, ní kí wọ́n hú àwọn géètì ìjọba àpapọ̀ kúrò lójú títì. Géètì ti lọ, orúkọ kò lọ. Títí dòní, kọ́ńdọ́ á ké “Tóògéètì wà!”, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ níbi tí géètì kankan kò sí. Ó jọ àwọn kan nínú wa tí wọ́n ṣì ń jẹ́ onígbàgbọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ Ìsẹ́gun kan. Ìyánà Ìpájà ni mo ti wọ ọkọ̀, owó ọkọ̀ jẹ́ 600 náírà, mo fún kọ́ńdọ́ ní 1,000. Agbèrò ń lu páànù ọkọ̀, ọlọ́pàá ń bọ̀ níwájú, ọmọkùnrin náà ká owó ṣẹ́ńjì pọ̀ ó jù ú sí mi lọ́wọ́. Mo tú u nígbà tí ọkọ̀ lọ: 1,400 dípò 400. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbójú sókè, mo ní, “Baba, O ṣeun.” Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo gbàdúrà pé kí Ó ti ibi tí n kò retí bù kún mi.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ Ọjọ́rú, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò ṣàlàyé púpọ̀, mo kàn ní Olúwa fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀, 100 náírà géérégé. Mo kọ orúkọ mi sára àpò ìwé náà. Owó kọ́ńdọ́ ni mo yọ ìdámẹ́wàá nínú rẹ̀ o.

Ìyàwó mi ló tú mi fó. A ń jẹun lọ́wọ́, mo ń tún ẹ̀rí náà sọ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ta ló wá san án?”

Mo ní, “Ta ló san kí ni?”

Ó ní, “Ẹgbẹ̀rún kan yẹn. Kọ́ńdọ́ máa ń ṣírò owó fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?”

Ọbẹ̀ kàn há mi lọ́fun. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ohun tí mo ti fi bú yín láti òkè wá ló jáde lẹ́nu mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìwé. Mo ní Nàìjíríà la wà. Mo ní àwọn kọ́ńdọ́ náà ti jẹ owó mi rí. Mo ní Ọlọ́run mọ ọkàn mi. Mo tilẹ̀ ní, bóyá èṣù ló fẹ́ fi ẹ̀rí ọkàn dá mi lágara. Ìyá Ìbejì kò fèsì, ó kàn gbé Bíbélì, ó ṣí Lúùkù orí kọkàndínlógún, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi.

Ìtàn Sákéù agbowó-òde ni. Ọkùnrin kúkúrú tó gun igi síkámórè nítorí kó lè rí Jésù. Ohun tí n kò tíì fara balẹ̀ rí nínú ìtàn yẹn láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni pé, nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti ní Sákéù yọ yẹtí, kò sí ibi tí wọ́n ti ní ó ṣàìsùn. Ó dìde dúró, ó ní òun á pín ààbọ̀ ohun ìní òun fún tálákà, ẹni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Owó ló bá jáde. Ìgbà yẹn ni Jésù tó sọ pé ìgbàlà wọ ilé náà.

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ẹgbẹ̀rún kan lọ́nà mẹ́rin, 4,000 náírà. Mo ní, “Ìyá Ìbejì, agbowó-òde ni Sákéù. Èmi kì í ṣe agbowó-òde.”

Ó ní, “Tóògéètì lo ti sọ̀kalẹ̀.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì ni mo ti lọ dúró lábẹ́ bíríìjì báyìí, tí mò ń yọjú wo inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Agbèrò kan bi mí bóyá iṣẹ́ owó orí ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ọ̀kan nínú wọn ní kí n san owó náà fún òun, òun ni ẹ̀gbọ́n gbogbo kọ́ńdọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ Ìyánà Ìpájà sí Sàngó, ẹ bá mi wò ó. Dáńfó kan ni, dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kán, wọ́n kọ “Sùúrù Baba” sẹ́yìn rẹ̀, kọ́ńdọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ti há. Ẹ sọ fún un pé 4,000 náírà rẹ̀ wà nílẹ̀ ní Ọ̀tà. Bó bá ní irọ́ ni, torí àwọn kọ́ńdọ́ kì í gba èèyàn gbọ́, ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ọwọ́ ìyàwó mi ni owó náà wà, kì í ṣe ọwọ́ mi.